Ọ̀rá Ilẹ̀

Lórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn a máa yọ, wọn a sì gbilẹ̀ ju ti inú oko lọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àgbẹ̀.

Ilẹ̀ kò rí bákan náà. Bí a bá bu erùpẹ̀ tútù sí àtẹ́lẹwọ́ tí a sì fún un, ilẹ̀ yanrìn a tú ká. Òjò a tètè gba inú rẹ̀ kọjá, a sì gbé oúnjẹ ọ̀gbìn lọ. Ilẹ̀ amọ̀ a ṣe é lọ́ bí okùn; ó ń gba omi dúró, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn a le, a sì sán. Èyí tí ó dára jù fún iṣu àti àgbàdo ni ilẹ̀ tí méjèèjì pàdé nínú rẹ̀, tí ó sì dúdú.

Ewé, gbòǹgbò àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà ni ó sọ ọ́ di dúdú. Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ewé tí ó pẹ́ lórí ilẹ̀ a di ilẹ̀. Ó ń so yanrìn pọ̀, ó ń mú amọ̀ rọ̀, òun sì ni oúnjẹ ekòló tí ń lu ilẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti omi. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, òkè erùpẹ̀ nìkan ni ó pọ̀ sí, ooru a sì tètè run ún. Nítorí náà ni ilẹ̀ fi ń ṣá, tí bàbá fi ń fi oko etílé sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Iná kì í ṣe àtúnṣe. Eérú a mú ọ̀gbìn ọdún kìn-ín-ní dára, ṣùgbọ́n ohun rere púpọ̀ ti bá èéfín lọ, òjò a sì wẹ ìyókù. Ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ọdún 1920, àwọn amòye gbin mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ènìyàn lára, wọ́n sì ro ó mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin àgbàdo. Ewé tútù náà di ajílẹ̀.

Kí àgbẹ̀ gbẹ́ kòtò sí ibi tí ó jìnnà sí kànga. Kí ó kó koríko, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ adìẹ sínú rẹ̀, kí ó fi erùpẹ̀ bò ó nítorí eṣinṣin, kí ó sì máa yí i lóṣooṣù. Nígbà tí ó bá dúdú tí kò sì rùn mọ́, ó tó kó lọ sí oko.

Ẹni tí ń gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún tí kò dá ohunkóhun padà fún un, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.