Ta Ni Yóò Gbé Kámẹ́rà Àjèjì Lọ Sí Òde Ìyàwó?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ẹ bá dúró ní Fájuyì ní Adó-Èkìtì, ẹ óò rí àwa ayàwòrán pẹ̀lú àpò dúdú lẹ́yìn, tí a ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí òde ìyàwó. Ẹnìkan ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́, òmíràn ń lọ sí Ìyìn. Kí ọkọ̀ tó dé, àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín wa: ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe Canon tàbí Nikon lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kámẹ́rà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ya àwòrán ètò ìdána kan. Káàdì kan ṣoṣo ni kámẹ́rà tí mo lò ń gbà. Ìyá àgbà ìyàwó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, ó súre fún un títí omi fi bọ́ lójú gbogbo ènìyàn, mo sì ya gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo délé, káàdì náà kò ṣí mọ́. Mo gbé e kiri, pàbó ló já sí. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ìyá àgbà náà fi papòdà. Mo dá owó wọn padà, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, owó kọ́ ni mo bi ọ́. Àwòrán ìyá mi dà?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹwà àwòrán nìkan kọ́ ni oníṣẹ́ ń rà. Ohun tí kò ní já a kulẹ̀ ló ń rà. Bí lẹ́ǹsì mi bá fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ òde, ọ̀rẹ́ mi ni mo máa pè kí ó yá mi ní tirẹ̀. Lẹ́ǹsì Canon kì í sì wọ ẹnu kámẹ́rà Nikon. Nítorí náà, kámẹ́rà Canon nìkan kọ́ ni ilé-iṣẹ́ tuntun ń bá jà. Ó ń bá gbogbo lẹ́ǹsì tó wà nínú àpò àwọn ọ̀rẹ́ mi jà, ó ń bá oníṣòwò tòkunbọ̀ jà, ó sì tún ń bá ẹni tí ń tún kámẹ́rà ṣe jà.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó jogún ipò yìí láti ọ̀run. Láti ìgbà tí Nikon F ti jáde ní ọdún 1959 ni Nikon ti gba ọkàn àwọn oníròyìn. Ní ọdún 1987, Canon mú EOS jáde, ó yí ẹnu kámẹ́rà rẹ̀ padà pátápátá, lẹ́ǹsì àtijọ́ kò sì wọ inú tuntun mọ́. Ó dun ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tuntun náà ń fúnra rẹ̀ wá ojú ohun tí à ń yà, ó sì ń yára, èyí ló fi fa àwọn oníṣẹ́ mọ́ra.

Sony ni ó tún tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, ó gba iṣẹ́ kámẹ́rà lọ́wọ́ Konica Minolta. Ní ọdún 2013, ó gbé Alpha 7 jáde, kámẹ́rà kékeré tí kò ní dígí nínú. Àwòrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán, káàdì kan ṣoṣo ló sì ń gbà. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe alábàárò. Sony kò bínú sí àwọn tó ṣàròyé. Nígbà tí Alpha 7 III dé ní ọdún 2018, bátìrì rẹ̀ ti tóbi, ó sì ń gba káàdì méjì. Lọ́dún náà gan-an, EOS R ti Canon àti Z 6 òun Z 7 ti Nikon jáde pẹ̀lú àyè káàdì kan péré. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press kéde pé kámẹ́rà Sony ni àwọn ayàwòrán òun yóò máa lò káàkiri ayé.

Ẹ wo Samsung ní ìdà kejì. NX1 tó ṣe ní ọdún 2014 jẹ́ kámẹ́rà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ọjà kámẹ́rà sílẹ̀, ó sì fi àwọn tó ti ra lẹ́ǹsì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́rùn. Ọgbọ́n kò wọ́n Samsung, owó kò sì wọ́n ọn. Ìdúróṣinṣin ni kò ní.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé ṣe, bí ilé-iṣẹ́ náà bá lè mú sùúrù bí ọdún mẹ́wàá, tí ó sì ń gbọ́ igbe oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Adó, ibi tí ìyípadà náà ti máa ń pẹ́ dé ni. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gan-an, kámẹ́rà tuntun ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń rà, tòkunbọ̀ kò sì lè pọ̀ níbi tí tuntun kò bá ti kọ́kọ́ pọ̀.

Àbúrò kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé èwo ni kí òun rà. N kò dárúkọ kankan fún un. Mo ní kí ó wádìí nǹkan mẹ́ta: Káàdì mélòó ló ń gbà? Ta ló lè tún un ṣe nítòsí? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mélòó ló ní lẹ́ǹsì tí yóò wọ̀ ọ́? Bí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ra èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ní tèmi, káàdì méjì ni mo ń lò báyìí, àti kámẹ́rà kejì nínú àpò. Àpò náà wúwo, àmọ́ kò wúwo tó ìbéèrè tí ìyá yẹn bi mí.