Ajá kì í ṣe ìwé kúìtì: ohun tí òfin sọ fún ayálégbé Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Bí onílé bá ní òun kò fẹ́ rí ajá nínú ọgbà òun mọ́, ṣé ó lè kó ẹrù ayálégbé síta lọ́jọ́ náà? Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ààbò tí òfin fún ayálégbé kò rí bákan náà ní gbogbo Èkó. Òfin ilé gbígbé tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lù lọ́dún 2011 kan Ajégúnlẹ̀, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn. Òfin kan náà yọ Àpápá tó fẹ̀gbẹ́ kàn án sílẹ̀ ní apá rẹ̀ kìíní, pẹ̀lú Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀ wọ Àpápá ti jáde kúrò lábẹ́ òfin náà láì fura. Ohun tí mo ń sọ ni pé onílé lè ní ìdí tó dára láti má fẹ́ ẹran nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ nìkan ló lè sọ ìdí náà di àṣẹ pé kí ènìyàn kó jáde. Ó sì yẹ kí ìlànà yìí wà nínú òfin fún Àpápá gan-an bó ṣe wà fún Ajégúnlẹ̀.

Ohun tó wà nínú òfin

Òfin 2011 kò dárúkọ ajá tàbí ológbò. Nítorí náà, àdéhùn tí onílé àti ayálégbé jọ fọwọ́ sí ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí àdéhùn bá ka ẹran sísìn léèwọ̀, ayálégbé tó sin ín ti rú àdéhùn, onílé sì lè gbé e lọ sí kóòtù. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, onílé ní láti fi hàn pé ẹran náà ń yọ àwọn ará ilé lẹ́nu kọjá ìfaradà. Nínú méjèèjì, ìgbésẹ̀ kan náà ni òfin là sílẹ̀. Bí àdéhùn kò bá sọ iye àkókò ìwé kúìtì, oṣù kan ni ti ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta ni ti ẹni tó ń san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, oṣù mẹ́fà sì ni ti ẹni tó ń san án lọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun fẹ́ gba ilé òun, kóòtù ló sì kàn. Onílé kò gbọdọ̀ dá omi dúró tàbí kó fọwọ́ kan ẹrù ayálégbé, ohun ìní sì ni ẹran jẹ́ lójú òfin. Ẹni tó bá fipá lé ayálégbé tàbí tó halẹ̀ mọ́ ọn lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ayálégbé Àpápá kò lè nawọ́ sí òfin yìí, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹni tí ẹnikẹ́ni lè ju síta. Lọ́dún 1985, nígbà ìjọba ológun, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ọlọ́pàá lé Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Queen's Drive, Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lọ́dún 1986, àwọn adájọ́ kò gba ẹ̀bẹ̀ ìjọba, wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú òfin kò lè tún wá máa bẹ ilé ẹjọ́ fún ojúure. Láti ìgbà náà ni àwọn kóòtù ti ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí bí ẹnì kan bá fipá lé ẹlòmíràn. Bí ìjọba ológun pàápàá kò bá lè ṣe é ní Ìkòyí, onílé kan kò lè ṣe é ní Àpápá. Ohun tí ará Àpápá kò ní ni òfin tó ṣe kedere, tó sọ iye ọjọ́ àti ìyà, tó lè fi han ọlọ́pàá nígbà tí jàǹdùkú bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn tó ta kò ó ńkọ́?

Àwọn kan á ní ewu ni ajá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ló ń kó digbólugi ran ènìyàn nínú ohun tó tó ìdá 99 nínú 100 irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé Ajégúnlẹ̀ tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé púpọ̀ ń lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kan náà, gbígbó ajá lóru kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, itọ́ rẹ̀ sì lè ba ìmọ́tótó tí Mùsùlùmí nílò fún ìrun jẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà digbólugi, lílé olówó ajá jáde kò sì dènà rẹ̀. Ajá tí wọ́n já sílẹ̀ sí ìgboro nítorí pé olówó rẹ̀ kò ríbi gbé e lọ ló tún léwu jù, torí kò sí ẹni tí yóò fún un ní abẹ́rẹ́ mọ́. Bí ajá bá sì ń ni ará ilé lára lóòótọ́, ẹ̀rí rẹ̀ kò ní ṣòro fún onílé láti kó síwájú adájọ́.

Àwọn mìíràn á ní onílé ló nilé, kí ó ṣe é bó ṣe wù ú. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò kóyán ohun ìní kéré ti rí i pé ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Ní Faransé, láti 1970 ni òfin ti sọ pé àdéhùn ilé gbígbé kò lè ka ẹran ọ̀sìn inú ilé léèwọ̀, bí ẹran náà kò bá ti ba nǹkan jẹ́ tàbí dí aládùúgbò lọ́wọ́, àmọ́ onílé ṣì lè kọ àwọn ajá tí òfin kà sí eléwu. Ní England, òfin àwọn ayálégbé ti 2025 fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti tọrọ àyè fún ẹran, onílé kò sì gbọdọ̀ kọ̀ láìnídìí. Èmi kò ní kí Èkó dé ibi tí Faransé dé lónìí. Ohun tí mò ń béèrè kéré sí i: kí onílé kọ ohun tó fẹ́ sínú àdéhùn, kí adájọ́ sì gbọ́ tẹnu ayálégbé. Àwọn àgbà ti sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Onílé tó fúnra rẹ̀ ṣe olùpẹ̀jọ́, tó tún ṣe adájọ́, kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan rárá.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ẹjọ́ ń pẹ́ ní kóòtù, àwọn ayálégbé kan sì ń fi ìyẹn jẹ gbèsè owó ilé. Onílé tó ń fi owó ilé náà jẹun ní ẹ̀dùn tòótọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe kóòtù nìkan ló wà. Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, Office of the Public Defender sì ń gbẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ ajá gan-an ló bá ìlàjà mu jù, nítorí ohun tó máa ń yanjú rẹ̀ kò pọ̀: àgò lálẹ́, káàdì abẹ́rẹ́ láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, tàbí oṣù díẹ̀ láti wá ilé mìíràn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Kí ayálégbé tó ń sin ẹran béèrè kó tó sanwó, kó sì gba ìyọ̀ǹda onílé lórí ìwé. Kó tọ́jú rìsíìtì owó ilé àti káàdì abẹ́rẹ́ ẹran náà, kó má sì jẹ gbèsè owó ilé, torí gbèsè a máa sọ ẹjọ́ rere di ahẹrẹpẹ. Bí wọ́n bá fẹnu lásán ní kó kó jáde, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ síwèé, kó sì mú ìwé náà lọ fún àwọn tó ń ṣe ìlàjà. Ní ti àwọn aṣòfin, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àbádòfin tuntun nípa ilé gbígbé lọ́dún 2025. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àdúgbò olówó ni àwọn ibi tí òfin 2011 yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn tó ń gbé bọ́ìskọ́tà wà ní Àpápá, olówó tí wọ́n sì ju ẹrù rẹ̀ sí títì náà nílò adájọ́. Òfin ilé gbígbé gbọ́dọ̀ kan gbogbo Èkó láìyọ àdúgbò kankan sílẹ̀, kó sì sọ ohun tí onílé lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹran. Nígbà náà ni onílé á mọ ohun tó lè fòfin béèrè, tí ayálégbé á sì mọ ohun tó gbọ́dọ̀ pa mọ́.