Àsọdùn Tó Ládùn: Àwọn Olólùfẹ́ Power Metal àti Ìtàn Akọni Tí Wọ́n Ń Bá Olórin Gbé

Kí iná gbọ̀ngàn tó kú, òòlù ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Kì í ṣe òòlù irin. Òòlù oníke tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú ni, àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n lọ́mọ nílé, ló sì gbé e dání, tí wọ́n ń fì í lókè orí bí ìgbà tí ogun fẹ́ bẹ́. Nígbà tí iná bá wá kú, tí ìlù bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan á yọ lórí ìtàgé nínú ìhámọ́ra aláwọ̀ ewé, òun náà pẹ̀lú òòlù ńlá lọ́wọ́. Gbogbo ilé á hó yèè. Wọn kò pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Angus McFife ni wọ́n ń pè é: ọmọ ọba ilẹ̀ Fife, akọni tí ayé ń retí.

Gloryhammer ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin yìí. Christopher Bowes, ọmọ Scotland tó ti lókìkí tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Alestorm, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2010. Ilẹ̀ gidi ni Fife, ìlú gidi ni Dundee tó kọjú sí i lódìkejì odò Tay. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí, yunifásítì, afárá ọkọ̀ ojú irin àti ilé ìtajà ló máa rí. Ṣùgbọ́n nínú àwo orin àkọ́kọ́ tí Gloryhammer gbé jáde ní ọdún 2013, oṣó burúkú kan tó ń jẹ́ Zargothrax ti kó ogun ja Dundee, àwọn ẹṣin oníwo tó ti kú tí wọ́n sì tún jí dìde ló sì fi ṣe ọmọ ogun. Angus McFife gbọ́dọ̀ rìn jìnnà, kó wá agbára kún agbára, kó tó lè gba ìlú náà padà.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Nínú àwo kejì, ní 2015, ẹgbẹ̀rún ọdún ti kọjá, ogun ti kúrò nílẹ̀ ó ti bọ́ sí òfuurufú, àrọ́mọdọ́mọ akọni àkọ́kọ́, Angus McFife kẹtàlá, ló sì wà lójú ìjà. Àwo kẹta jáde ní 2019, ìkẹrin jáde ní 2023. Bí àwo kọ̀ọ̀kan bá ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn olólùfẹ́ ń múra sílẹ̀, nítorí pé orí tuntun nínú ìtàn tí wọ́n ti mọ̀ ló fẹ́ dé sọ́wọ́ wọn.

Kí ni wọ́n ń pè ní power metal gan-an? Ẹ̀ka kan ni lára heavy metal, orin gìtá olóhùn líle tó gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1970. Nínú ẹ̀ka yìí, eré ni onílù ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì sá lórí ìlù ńlá tó wà nílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ á máa dún kíkankíkan bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Gìtá méjì á máa lépa ara wọn. Dùùrù á máa mú ohùn fèrè, gòjé àti ìpè ogun wọlé. Akọrin á sì máa fi ohùn òkè lé orin, ohùn tó mọ́ tó sì ga, kò ní bú ramúramù bíi ti àwọn ẹ̀ka heavy metal mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ègbè á dé. Ègbè yìí ni ọkàn orin náà: ó gbòòrò, ó rọrùn láti kọ́, àwọn tó ń kọ orin sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè gbè é pọ̀.

Orírun rẹ̀ kò ṣòro láti tọ́ka sí. Ronnie James Dio, akọrin Amẹ́ríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ Rainbow, ti ń kọrin nípa oṣó àti ọba nínú àwo Rising ní 1976. Àwọn ọ̀dọ́ Jámánì ló wá sọ ọ́ di ohun tó dá dúró. Ẹgbẹ́ Helloween bẹ̀rẹ̀ nílùú Hamburg ní 1984. Ní 1987 àti 1988, wọ́n gbé apá kìíní àti apá kejì Keeper of the Seven Keys jáde. Michael Kiske tó jẹ́ akọrin wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí apá kìíní jáde. Títí di òní, àwo méjì yẹn ni òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ fi ń wọn ẹgbẹ́ tuntun.

Krefeld, ìlú mìíràn ní Jámánì, ni Blind Guardian ti wá. Akọrin wọn, Hansi Kürsch, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn ìwé J.R.R. Tolkien púpọ̀. Ní 1998 wọ́n gbé Nightfall in Middle-Earth jáde, àwo kan odindi tí wọ́n yọ látinú The Silmarillion, ọ̀kan lára àwọn ìwé tó nira jù nínú ohun tí Tolkien kọ. Láàárín orin kan sí òmíràn, ẹ̀ ń gbọ́ ohùn àwọn ẹ̀dá inú ìtàn, ìró idà, ẹsẹ̀ ogun. Olólùfẹ́ tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Fëanor inú ìtàn náà fi búra, àti ohun tí ìbúra náà kó bá ìran rẹ̀, kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kó lọ ka ìwé náà. Nínú àwo tí wọ́n gbé jáde ní 2002, wọ́n fi orin kan ṣoṣo, tó lé ní ìṣẹ́jú 14, sọ ìtàn ìṣubú ìlú Troy.

Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ yìí ṣe jinlẹ̀ tó, kó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí Blind Guardian bá dé orí The Bard’s Song, orin kan tó jáde ní 1992. Ìlù á dákẹ́. Iná ìtàgé á rọlẹ̀. Gìtá tí kò lo iná mànàmáná ló kù, bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sídìí iná lóru. Hansi á bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi yẹ̀bá kúrò nídìí gbohùngbohùn, tí èrò á gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe àjọ̀dún tiwọn nílùú Coburg ní 2003, tí wọ́n sì ká a sílẹ̀ sí fídíò, ohùn èrò ló borí. Orin tó ń sọ nípa àwọn asunrárà tí ayé gbàgbé orúkọ wọn, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn nínú èrò ló ń kọ ọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí wà. Orin púpọ̀ ló wà láyé tó jẹ́ pé ìgbọ́ nìkan ni iṣẹ́ olùgbọ́. Power metal oníìtàn fún olólùfẹ́ ní ipò nínú ìtàn. Ó di ọmọ ogun, ó di ará ìlú tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀, ó di ẹlẹ́gbè asunrárà.

Ẹgbẹ́ tó mú àsọdùn dé òpin rẹ̀ ni Rhapsody, láti ìlú Trieste ní Ítálì. Luca Turilli tó ń ta gìtá àti Alex Staropoli tó ń tẹ dùùrù ló kó o jọ. Láti Legendary Tales ní 1997 títí dé Power of the Dragonflame ní 2002, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ: jagunjagun kan láti ilẹ̀ yìnyín ń wá idà oníyebíye kan kó lè fi dá ọba òkùnkùn tó ń jẹ́ Akron dúró. Akọrin ìjọ, fèrè àtijọ́, ohùn apìtàn àti gìtá oníná, gbogbo rẹ̀ ló pa pọ̀. Ọdún márùn-ún gbáko làwọn olólùfẹ́ fi dúró kí wọ́n tó mọ bí ogun náà ṣe parí, orin tí wọ́n sì fi kádìí rẹ̀ gùn tó ìṣẹ́jú 19.

Ní 2004, ohùn kan tí gbogbo ayé mọ̀ bọ́ sínú orin Rhapsody: ohùn Christopher Lee, àgbà òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Dracula, tó sì ṣe oṣó Saruman nínú fíìmù The Lord of the Rings. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Òun ni apìtàn nínú àwo tí wọ́n gbé jáde lọ́dún náà, nígbà tó sì di 2005, ó bá Fabio Lione, akọrin ẹgbẹ́ náà, kọrin pọ̀. Kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ní 2010 ó gbé àwo tirẹ̀ jáde lórí ìgbésí ayé ọba Charlemagne, ó sì tún gbé òmíràn lé e ní 2013, ọdún tó pé ẹni ọdún 91. Bàbá tó ti ṣe gbogbo fíìmù tó ṣe wọ̀nyẹn kò nílò owó tàbí òkìkí lọ́dọ̀ àwọn onígìtá. Ó wá nítorí pé ìtàn akọni ni ẹran ọbẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kú ní 2015, àwọn olólùfẹ́ metal ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí bàbá wọn kú.

Àwọn kan wà tó ń bẹnu àtẹ́ lu orin yìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, wọ́n ní dírágónì àti idà ti pọ̀ jù, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jagun òòlù mọ́. Àtakò yìí kò rí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti bá Àkàrà-Ògùn wọ Igbó Irúnmalẹ̀ nínú ìwé Fágúnwà, tó sì ti rí i nígbà tí òun àti Agbákò wàákò, kò jẹ́ béèrè pé níbo ni irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń gbọ́ oríkì kò jẹ́ sọ pé akéwì ti sọ ọ́ jù. Àsọdùn ni ọ̀nà tí a fi ń mú kí nǹkan tóbi tó bí ó ṣe rí lọ́kàn. Ìgboyà, ọ̀rẹ́ tó dúró tini, ikú ẹni tí a fẹ́ràn: nǹkan kékeré kọ́ ni wọ́n, orin kékeré kò sì lè gbé wọn.

Brazil ni ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ tí orin yìí ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Ẹgbẹ́ Angra bẹ̀rẹ̀ nílùú São Paulo ní 1991, Andre Matos ni akọrin wọn. Àwo kejì wọn, Holy Land, tó jáde ní 1996, kò wá akọni lọ sí ilẹ̀ àlá. Ìtàn ilẹ̀ wọn ni wọ́n sọ, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Brazil. Nínú Carolina IV, orin tó gùn jù nínú àwo náà, ìlù ọwọ́ ló ṣíwájú gìtá, Yemọja ni wọ́n sì kọ́kọ́ kí. Òrìṣà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé kọjá òkun wọ inú orin power metal láìṣe àlejò, nítorí pé ìtàn òkun Brazil kò pé láìsí i. Andre Matos kú ní 2019 lẹ́ni ọdún 47. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ní Brazil àti ní Japan ló sunkún rẹ̀.

Ìdúróṣinṣin àwọn olólùfẹ́ yìí máa ń hàn jù nígbà tí nǹkan bá yí padà. Kiske kúrò nínú Helloween ní 1993. Ó lé ní ogún ọdún kó tó padà. Nígbà tí òun àti Kai Hansen, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tún dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, àwo tí wọ́n ṣe ní 2021 bọ́ sí ipò kìíní ní Jámánì. Ní ọdún 2021 kan náà, Gloryhammer àti Thomas Winkler, tó ti ń wọ ìhámọ́ra aláwọ̀ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀, pínyà. Inú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bàjẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sozos Michael, ọmọ Cyprus, wọ ìhámọ́ra náà, òòlù tún lọ sókè. Oyè ni Angus McFife. Ẹnì kan ń jẹ ẹ́, ẹlòmíràn ń jẹ ẹ́, oyè kò sì kúrò nílé.

Ibi tí gbogbo ẹbí yìí ti ń pàdé ni Wacken, abúlé kan ní àríwá Jámánì tí olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Nígbà tí àjọ̀dún orin ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1990, nǹkan bí 800 ènìyàn ló wá. Lónìí, èrò tó ń wá síbẹ̀ tó 85,000, wọ́n ń pàgọ́ sínú oko, òjò a máa rọ̀, ẹrẹ̀ a sì máa dé orúnkún. Kì í ṣe power metal nìkan ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ aṣọ oṣó tàbí tó gbé idà onípákó kọ́ èjìká kò ní rí ẹni tí yóò fi í ṣẹ̀sín.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, kó fi Keeper of the Seven Keys bẹ̀rẹ̀, kó gbọ́ Nightfall in Middle-Earth tẹ̀ lé e, kó sì wá gbọ́ Holy Land, kó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe kí Yemọja. Kó má ṣe gbọ́ ọ bí orin tó ń dún lẹ́yìn iṣẹ́ ilé. Kó jókòó, kó wá ọ̀rọ̀ orin náà síwájú, kó máa fi ojú bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ègbè bá dé, kó gbè é.