Ta Ni Yóò San Owó Tó Kù?

Ní ìlú Parakou, èdè pọ̀ lẹ́nu wa. À ń sọ Yorùbá, a sì ń gbọ́ Bàrìbá, Dẹ́ńdì àti Fúlàní lọ́jà. Èdè Faransé ni ìjọba Benin fi ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Nàìjíríà náà ń bá wa ra ọjà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ rìsíìtì. Ọgbọ́n kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì yìí tó yẹ kí á mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè pàdánù owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní àgbẹ̀ kan kó 20 àpò àgbàdo wá sí Parakou. Oníṣòwò kan tó ti Nàìjíríà wá rà á ní 20,000 sẹ́fà lápò kan. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ 400,000 sẹ́fà. Oníṣòwò san 250,000, ó ku 150,000. Ó kọ rìsíìtì fún àgbẹ̀, àgbẹ̀ sì mú un lọ sílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á, ó kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"20 bags of maize were received. The balance will be paid."

Ọmọ náà bi í pé, "Bàbá, ta ló gba àgbàdo yín?"

Bàbá ní, "Oníṣòwò ni. Ṣé kò kọ ọ́ síbẹ̀ ni?"

"Kò kọ ọ́ o, Bàbá. Ìwé yìí ní wọ́n gba 20 àpò àgbàdo, àti pé wọ́n máa san owó tó kù. Kò sọ ẹni tó gbà á. Kò sì sọ ẹni tó máa san owó."

Bàbá lanu. Ó ní, "Ta ni kí n wá lọ bá báyìí?"

Kí ló fa èyí? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà méjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà sọ̀rọ̀

Ọ̀nà kìíní: ẹni tó ṣe nǹkan ló ń ṣáájú.

"The trader received the maize."

Ìyẹn ni pé, oníṣòwò gba àgbàdo. Ta ló ṣe é? Oníṣòwò. Kí ló gbà? Àgbàdo. Bí Yorùbá náà ṣe ń to ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ ń pe ọ̀nà yìí ní active.

Ọ̀nà kejì: ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí ló ń ṣáájú.

"The maize was received by the trader."

Àgbàdo ti bọ́ síwájú, oníṣòwò ti bọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò yí padà. Oníṣòwò náà ló ṣì gba àgbàdo. Àwọn olùkọ́ ń pe èyí ní passive.

Báwo la ṣe ń dá ọ̀nà kejì mọ̀? Ẹ wo àwọn àmì yìí:

1. Ẹ máa rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: is, are, was, were, be, been.
2. Ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń tẹ̀ lé e, ó sì sábà máa ń yí padà. Pay á di paid, sell á di sold, receive á di received.
3. Ọ̀rọ̀ náà by lè wà lẹ́yìn, láti fi ẹni tó ṣe nǹkan hàn.

Àmì kẹta yìí ni kí ẹ ṣọ́. Èèyàn lè yọ ọ́ kúrò, Gẹ̀ẹ́sì náà á ṣì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe nǹkan á ti fara pamọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rìsíìtì àgbẹ̀ wa nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà. Kì í ṣe gbogbo by ló ń fi ẹni tó ṣe nǹkan hàn. Bí wọ́n bá kọ "will be paid by Friday", ọjọ́ ni wọ́n dá: owó kò ní kọjá ọjọ́ Ẹtì. Wọn kò tíì sọ ẹni tó máa san án.

Faransé náà ní ọ̀nà méjì yìí. Par ló sábà máa ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti lo by.

Yorùbá wa ń kọ́?

Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà báyìí. "Wọ́n" la sábà máa ń lò. À ń sọ pé, "Wọ́n bí mi ní Parakou." Ìyá kan ṣoṣo ló bíni, síbẹ̀ "wọ́n" la wí. "Wọ́n" yìí kò ka iye èèyàn. Ó kàn bo ẹni tó ṣe nǹkan náà mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ má sì sáré pe by ní "láti ọwọ́". Bí ẹ bá sọ pé, "Wọ́n gba àgbàdo láti ọwọ́ oníṣòwò," ohun tí a máa gbọ́ ni pé oníṣòwò ló kó àgbàdo sílẹ̀! Ọ̀rọ̀ ti dojú dé nìyẹn. Ohun tó tọ̀nà ni, "Oníṣòwò ló gba àgbàdo."

Ṣé ọ̀nà kejì burú ni?

Rárá o. Ó dára bí gbogbo èèyàn bá mọ ẹni tó ṣe nǹkan, tàbí bí a kò bá mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ wo èyí: "In 1975, the name of Dahomey was changed to Benin." Wọ́n yí orúkọ Dahomey padà sí Benin ní 1975. Ọ̀rọ̀ náà pé. Bí ẹnì kan bá sì bi wá pé ta ló yí i padà, a ó dáhùn pé ìjọba Mathieu Kérékou ni.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ owó, ilẹ̀ àti gbèsè, ẹ jẹ́ kí orúkọ ṣáájú. Báyìí ni ìbá ti yẹ kí oníṣòwò yẹn kọ ọ́:

"I received 20 bags of maize. I paid 250,000 francs. I will pay the remaining 150,000 francs."

Kí ó wá kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ àgbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà àti ọjọ́ tí yóò san owó tó kù. Kí ó sì fọwọ́ sí i kí ọjà tó kúrò nílẹ̀.

Bí wọ́n bá fún yín níwèé, ní èdè yòówù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló ṣe é? Ta ni yóò ṣe é? Bí ìwé náà kò bá dáhùn, ẹ dá a padà kí wọ́n tún un kọ.

Ìbéèrè

1. Èwo ló sọ ẹni tó ta ilẹ̀: "The land was sold" tàbí "The chief sold the land"?
2. Ẹ sọ èyí lọ́nà tí a ó fi mọ ẹni tó san owó: "Wọ́n ti san owó náà."
3. Ẹ mú rìsíìtì kan wá sí kíláàsì. Ẹ wá ẹni tó gba owó nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i?