Mọ́tò Olówó Ńlá Tó Ń Gbọ̀n: Kí Ló Ń Ṣe É?

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń yá owó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀, tí ọkọ̀ náà sì ń gbọ̀n. Wọn á ní kí ẹ pààrọ̀ táyà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tán, wọn á ní ìjókòó ẹ́ńjìnnì ni. Bí kò bá tún lọ, wọ́n á ní ọ̀nà ni kò dára. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí.

Ní 1904, ilé-iṣẹ́ Napier ní Lọ́ńdọ̀nù ń ta mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà 6. Wọ́n ní yóò rọra rìn ju ti sílíńdà 4 lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, àfi tí eré bá dé ibì kan. Gbogbo ara ọkọ̀ á wá máa gbọ̀n, á máa pariwo bí ìṣó inú agolo. Bí eré bá kọjá ibẹ̀, á tún rọ̀ wọ̀ọ̀. S. F. Edge tó ń bá wọn ta ọkọ̀ náà kò pè é ní àléébù. Ó ní ariwo agbára ni. Ẹ ò rí ẹnu oníṣòwò! Àwa kò bá a wí púpọ̀, ọjà ló kúkú ń tà, ṣùgbọ́n orúkọ dáadáa kò dá gbígbọ̀n dúró.

Ti Henry Royce le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò sílíńdà 6 rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1905, kíránkì rẹ̀ sì ń kán. Irin o, tó ń kán bí igi!

Kí ló fà á? Ẹ rántí bí ènìyàn méjì ṣe ń fún aṣọ tútù: ẹnì kan dì í mú níhìn-ín, ẹnì kejì ń lọ́ ọ lọ́hùn-ún. Kíránkì náà ń lọ́ bẹ́ẹ̀, ojú kàn ni kò rí i. Bí pístìn bá ti gbá a, á lọ́ díẹ̀, á tún padà. Bí ó bá gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, lílọ́ rẹ̀ á pọ̀. Tí àsìkò tí pístìn ń gbá a bá wá ṣe déédéé pẹ̀lú àsìkò tí irin fúnra rẹ̀ fẹ́ padà, ó di ti ọmọ orí jangirọ́fà: ẹ rọra ń tì í lásìkò, ọmọ ti lọ sókè réré. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ìwọ̀n eré kan ló ń gbọ̀n. Kò sí nọ́ọ̀tù tí mẹkáníìkì lè dè tí yóò wò ó sàn.

Royce kò fi orúkọ bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ọkọ̀ tuntun tó gbé jáde ní 1906, ó mú kí kíránkì nípọn, ó gbé e lé bẹ́rìn 7, ó sì to sílíńdà ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ní 1907, wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn, Silver Ghost, rin máìlì 15,000 lójú àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ onímọ́tò. Ní máìlì 629, ó dúró: ojú ọ̀nà ti gbọ̀n ọ́n títí ẹ̀rọ tó ń já epo sílẹ̀ fi ti ara rẹ̀ pa! Wọ́n ṣí i. Máìlì 14,371 tó kù, kò dúró láìròtẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀, owó ohun tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 2 àti ṣílè díẹ̀.

Frederick Lanchester, tó ń gba ilé-iṣẹ́ Daimler nímọ̀ràn, gba ọ̀nà mìíràn ní 1910. Ó fi kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan sí iwájú kíránkì, ṣùgbọ́n kò dè é pinpin; òróró ló fi sáàárín wọn. Bí kíránkì bá fẹ́ gbọ̀n, kẹ̀kẹ́ yìí á fà sẹ́yìn, òróró á sì pa ipá náà.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, púlì iwájú kíránkì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, rọ́bà ló sì wà láàárín irin rẹ̀. Rọ́bà náà ń gbó. Bí ọkọ̀ yín bá dúró sójú kan, tí ẹ tẹ iná, tó sì gbọ̀n ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, ẹ má tíì ra táyà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹ rọ́bà púlì yẹn wò. Bí ó bá sì jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan rọ́bà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.