Ìmọ́lẹ̀ àti Ìkọ̀kọ̀ nínú Ilé: Àtúnṣe Àwọn Ilé Ayé Owó Kòkó ní Òkè-Ogbo, Ilé-Ifẹ̀

Ní Òkè-Ogbo ní Ilé-Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí i ti àwọn àdúgbò àtijọ́ mìíràn ní ìlú náà, kò ṣòro láti rí ilé tí a kọ́ láyé owó kòkó, ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1965, tí wọ́n ń tan iná sínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kì í ṣe pé ilé náà kò ní fèrèsé. Aṣọ ni a fi dí wọn, nítorí pé ojú aládùúgbò kò jìnnà. Àwọn ọmọ tó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí àwọn wó o, tàbí kí àwọn sọ fèrèsé rẹ̀ di ńlá. Àlàyé àròkọ yìí ni pé ọ̀nà kẹta wà, inú ètò ilé Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó sì ti wá.

Ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà ojú

Nínú agbo ilé àtijọ́, ògiri tó kọjú sí ìta kì í ní fèrèsé ńlá. Láti ojú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sí àgbàlá, tí yóò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká kọjá kí ó tó dé yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni a ti ń gba àlejò. Àgbàlá jẹ́ ti àwọn ará ilé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ojú àjèjì ń gbà wọlé.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ilé onípáséèjì yí ètò yìí padà. A la páséèjì sí àárín, a to yàrá sí ọ̀tún àti òsì, a sì fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé tó kọjú sí ìta. Nígbà tí ilé ṣì jìnnà síra, kò sí ìṣòro. Nígbà tí ilé wá fún mọ́ra, fèrèsé ń wo fèrèsé: ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà ojú di ọ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá dí ọ̀kan sì ti dí èkejì.

Ẹ̀kọ́ láti ọwọ́ àwọn ayàwòrán-ilé

Láàárín àkókò kan náà, àwọn ayàwòrán-ilé tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa ń ronú lórí ọ̀ràn oòrùn àti òjò. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwọn ilé University College, Ìbàdàn, tẹ ìwé jáde ní 1956 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Ògiri oníhò wà lára ohun tí wọ́n lò. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ya ọgbà yunifásítì tó kó wá láti Ìbàdàn ní 1967. Nínú ilé Humanities tó wà níbẹ̀, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ó lè ṣíji bò ó.

Bí ògiri oníhò ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti yé ni. Lọ́sàn-án, ìta mọ́lẹ̀ ju inú lọ. Ẹni tó wà nínú ń rí ìta, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò rí i. Bí a bá tan iná lálẹ́, ọ̀ràn náà yí padà. Nítorí náà, aṣọ ìkélé ṣì wúlò, ṣùgbọ́n alẹ́ nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí a ṣe lè tún ilé ṣe

Ẹ̀yìn ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé ìdáná tàbí yàrá ẹrù tí a kọ́ lẹ́yìn ọ̀la ni ó dí ẹnu páséèjì níhà àgbàlá. Bí a bá ṣí ibẹ̀, tí a fi búlọ́ọ̀kù oníhò sí i, ìmọ́lẹ̀ yóò tún rí ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a la fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ sókè ògiri yàrá, lábẹ́ òrùlé, níbi tó ga ju orí ẹni tó dúró níta lọ. Bí a bá kun àjà ní funfun, yóò tan ìmọ́lẹ̀ náà ká inú yàrá. Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n dígíríì 7 àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn ọ̀sán ga níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, etí òrùlé sì lè dí i lọ́wọ́ níhà àríwá àti gúúsù. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wọlé gbọọrọ. Nítorí náà, ìhà àríwá àti gúúsù ni kí a kọ́kọ́ là.

Ìṣòro tuntun kan wà tí agbo ilé àtijọ́ kò ní: láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò, àgbàlá ń hàn kedere. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò lálàfo sókè ọ̀nà balùwẹ̀, tí a jẹ́ kí ewéko fà lé, yóò gba ìmọ́lẹ̀ láyè, yóò sì dí ojú.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́ra

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri alámọ̀ tí a bá là láìfi igi tàbí kọnkéré gbé òkè rẹ̀ lè wó. Àjà àtijọ́ lè jẹ́ ti asbestos, tí eruku rẹ̀ ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Kò yẹ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà fọ́ ọ tàbí rẹ́ ẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ibojì òbí sì lè wà nínú wọn. Kí a tó gbẹ́ ilẹ̀ tàbí wó ògiri, ó yẹ kí ẹbí fohùn ṣọ̀kan.

Òṣùwọ̀n àtúnṣe rere kò le: kí ìyá àgbà lè jókòó ní páséèjì lọ́sàn-án, kí ó ṣa ẹ̀wà rẹ̀ láìtan iná, láìsí ojú ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.