Ta Ló Ń Fọ Omi Kànga Wa?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ní aládùúgbò. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ ilé ni ó gbẹ́kẹ̀ lé kànga ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá fa garawa sókè tí omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, a ó ní ilẹ̀ ti sẹ́ ẹ, bí ìgbà tí aṣọ bá sẹ́ ògì. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bá a ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ wọn ni ó sì wà bóyá omi tí ó mọ́ lójú yóò mọ́ nínú pẹ̀lú.

Kòkòrò àìfojúrí ni à ń pè wọ́n. Nínú gíráàmù kan ṣoṣo erùpẹ̀ ọlọ́ràá, iye wọn lè lé ní mílíọ̀nù 100. Kí orúkọ wọn má ṣe dẹ́rù bà yín: àwọn ìbátan wọn ni ó ń mú kí ògì kan, kí ẹmu ru nínú akèrègbè, kí irú sì rà títí yóò fi ta sánsán nínú ọbẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń fa àrùn. Àwọn tí ó pọ̀ jù ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè bá wa ṣe.

Oúnjẹ tí ń yí po nínú ilẹ̀

Ẹ wo náítrójìn, èròjà tí irúgbìn, ẹranko àti àwa ènìyàn fi ń dàgbà. Inú afẹ́fẹ́ ni ó kún sí, ṣùgbọ́n àgbàdo kò lè fà á láti ibẹ̀. Bí a bá hú ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà, a ó rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Ilé bakitéríà nìyẹn. Wọ́n ń mú náítrójìn inú afẹ́fẹ́ fún irúgbìn, irúgbìn sì ń fi ṣúgà san án fún wọn. Martinus Beijerinck, ará Netherlands, ni ó kọ́kọ́ yọ wọ́n sọ́tọ̀ ní 1888. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀wà sí kì í fi í tètè ṣá.

Bí ewé bá rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹran bá yàgbẹ́, tí ènìyàn sì tọ̀, àwọn mìíràn yóò tú u palẹ̀ di amóníà, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń gún ni nímú ní ilé ìtọ̀. Ẹgbẹ́ kẹta, tí Sergei Winogradsky ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà yọ sọ́tọ̀ ní 1890, yóò sọ amóníà di náítréètì, tí gbòǹgbò ń fà mu. Èyí tí gbòǹgbò kò bá rí mu yóò bá omi lọ. Bí ó bá gba inú àbàtà etí odò kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ṣọ̀wọ́n, ẹgbẹ́ kẹrin yóò sọ ọ́ di náítrójìn inú afẹ́fẹ́ padà. Ibi tí ó ti wá ni ó padà sí.

Bí ṣálángá bá súnmọ́ kànga

Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ àkókò àti àyè. Ohun tí ó bá ti inú ṣálángá jò jáde ní láti rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilẹ̀ lè jẹ ìdọ̀tí, kí àwọn tí ń fa àrùn sì kú sójú ọ̀nà. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ a máa gòkè títí yóò fi pàdé ìdí ṣálángá. Nígbà náà, ohun tí ó yẹ kí ó pẹ́ lọ́nà yóò wọ kànga kíákíá. Àgbàrá òjò kò sì ní òun kò nílé wó. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní òun kò ní wọ kànga tí kò ní ọmọrí.

A ti rí ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Ní 1854, John Snow tọpasẹ̀ ikú onígbáméjì ní London dé ibi ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street; kòtò ìdọ̀tí ilé kan ni ó ń jò sí kànga rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ní 2021, àwọn tí a fura sí pé onígbáméjì mú lé ní 100,000, àwọn tí ó kú sì lé ní 3,500.

Ọ̀pọ̀ yóò ní àwọn ń se omi àwọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí omi tí ó hó dáadáa ń pa àwọn kòkòrò tí ń fa àrùn. Ṣùgbọ́n náítréètì kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí, iná kò lè pa á. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni náítréètì inú èyí tí ó kù ń pọ̀ sí i. Ní 1945, Hunter Comly, oníṣègùn kan ní Iowa ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí awọ ara wọn di búlúù nítorí wàrà tí a fi omi kànga pò fún wọn. Náítréètì ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé ọ́síjìn bí ó ti yẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Ọmọ tí ó ń mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ jìnnà sí ewu yìí.

Omi tí ń mí

Ní Òkè-Ìlá, omi Àyìkúnnugbá ń já láti orí àpáta. Bí omi bá ń já báyìí, afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ń jẹ ìdọ̀tí a sì rí ọ́síjìn fi ṣiṣẹ́. Èyí kò sọ omi bẹ́ẹ̀ di ohun tí a lè mu láìsè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni Edward Ardern àti William Lockett lò ní Manchester ní 1914, nígbà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìdọ̀tí kí bakitéríà lè fọ̀ ọ́. Títí di òní, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lágbàáyé ń gbà.

Ìdàkejì rẹ̀ ni odò tí kò ṣàn, tí òjò ti gbá ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀. Èéhù a bò ó, èéhù a kú, àwọn kòkòrò tí ń jẹ òkú èéhù a sì lo ọ́síjìn inú omi tán. Ẹja ni yóò kọ́kọ́ kú.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọjá ògiri ilé

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ilé àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ohun tí a sábà ń gbani níyànjú ni pé kí kànga jìnnà sí ṣálángá tó mítà 30, kí ojú ilẹ̀ ìdí kànga sì ga ju ti ṣálángá lọ. Mítà 30 tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Lórí pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, a lè gbẹ́ kànga sí iwájú, kí a gbẹ́ ṣálángá sí ẹ̀yìn pátápátá, síbẹ̀ kí ṣálángá ará ẹ̀gbẹ́ wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí omi tí à ń mu.

Nítorí náà, kí a tó pe agbẹ́kànga, ó yẹ kí a kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Kí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀gbẹ́ tí gbogbo ṣálángá yóò wà, tàbí kí wọ́n dáwó gbẹ́ kànga kan ṣoṣo sí ibi tí ó ga, kí wọ́n mọ ẹnu rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì fi ọmọrí dé e. Kí wọ́n gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò: a kò gbọdọ̀ rí bakitéríà E. coli kankan nínú mílílítà 100 omi mímu. Kí a má sì ṣán igbó etí odò àti àbàtà tán, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kẹrin ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ilẹ̀ kò gba owó oṣù lọ́wọ́ wa. Àyè ni wọ́n ń fẹ́, àyè náà kò sì sí nínú ọgbà ẹnì kan ṣoṣo.